Ṣé o mọ̀? Àwọn ewé tó ń fi omi pamọ́ sára, láti ẹ̀yìn ilé dé ojú fèrèsé

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ewéko tí wọ́n ń tà jù nínú ìkòkò ní Lọ́ńdọ̀nù àti Nìú Yọ́ọ̀kì, apá ọ̀dọ̀ wa níbí ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀? Ewé gígùn tó nípọn ni, ó ń nàró ṣánṣán láti inú ilẹ̀ láìní ẹ̀ka, ilà eérú àti ilà tó ṣú sì gba ìbú ara rẹ̀ kọjá. Bí o bá ti wọ ọ́fíìsì tàbí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìlọrin rí, ó ṣeé ṣe kó ti wà ní igun yàrá tí o jókòó sí. Dracaena trifasciata ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Láti Nàìjíríà lọ dé Kóńgò ni igbó tó ti ń hù láìsí ẹni tó gbìn ín. Ọmọ ìyá rẹ̀ tí àwa mọ̀ jù ní ilẹ̀ Yorùbá ni ọ̀já-ìkookò. Ní Àràndún, àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà láti Òmù-Àrán dé Ẹ̀sìẹ́, bí ẹni tó ń ṣán oko bá kan irú ewé bẹ́ẹ̀, àdá ló máa fi gé e dànù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ nìyẹn. Àwọn ewé tó ń fi omi pamọ́ sára, tí àwọn ará ìlú òkèèrè ń náwó lé lórí láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, àwa náà ní wọn, a sì ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Ó kù ká mú wọn wọlé, ká sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé, nítorí inú bí wọ́n ṣe ń gbé ni ìtọ́jú wọn wà.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀já-ìkookò àti pèrègún ti ń jẹ́ orúkọ ìran kan náà báyìí? Ó lé ní igba ọdún tí wọ́n fi ń pe ìran ọ̀já-ìkookò ní Sansevieria. Carl Peter Thunberg, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló lo orúkọ náà ní 1794. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ DNA wọn wò, wọ́n rí i pé àárín ìran Dracaena gan-an ni wọ́n wà, nígbà tó sì fi máa di nǹkan bí ọdún 2018, wọ́n ti kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ yẹn. Dracaena fragrans sì ni pèrègún, tí àwọn baba wa fi ń pa ààlà oko, tí wọ́n sì ń gbìn sí ojúbọ. Bí o bá wo ewé wọn nìkan, o ò ní gbà. Dúró dìgbà tí wọ́n bá tanná: òdòdó funfun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn méjèèjì ń yọ, òru sì ni òórùn dídùn rẹ̀ máa ń jáde.

Ṣé o mọ̀ pé àbámodá kò nílò irúgbìn kó tó bímọ? Ẹni tó bá ka bayọ́lọ́jì ní sẹ́kọ́ńdìrì ti bá a pàdé láìmọ̀: Bryophyllum inú ìwé yẹn, àbámodá ni. Já ewé kan tó ti gbó dáadáa, tẹ́ ẹ sórí tábìlì, má bu omi kankan sí i. Kò ní pẹ́ púpọ̀ tí gbòǹgbò tín-ínrín àti ewé wẹ́wẹ́ á fi yọ láti àwọn ibi tó gé wọ́nńjẹ́ wọ́nńjẹ́ ní etí ewé náà. Omi àti oúnjẹ tí ìyá fi pamọ́ sínú ara rẹ̀ ni àwọn ọmọ yẹn ń mu títí wọ́n á fi kan ilẹ̀. Bí ìyá bá wà lórí igi rẹ̀ láìfarapa, àwọn ọmọ kì í sábà yọ. Ìgbà tí ewé bá já, tàbí tí ìnira bá dé bá a, ni wọ́n ń jí. Mo gbà pé kò sí ohun tó dára jù èyí lọ láti fi han ọmọdé pé ewé wà láàyè. Kò gba owó, kò gba irinṣẹ́, ojú ọmọ náà ni yóò fi rí i.

Madagásíkà ni àwọn onímọ̀ sọ pé àbámodá ti wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi tó fi wọ inú oògùn àti àwúre. Ó dé Yúróòpù náà. Johann Wolfgang von Goethe, akéwì ńlá ilẹ̀ Jámánì tó kú ní 1832, fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ó ń gbìn ín sílé ní ìlú Weimar, ó sì ń fi ewé rẹ̀ ta àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ kí àwọn náà lè rí bó ṣe ń bímọ. Títí dòní, àwọn kan ní Jámánì ṣì ń pè é ní ewé Goethe.

Ṣé o mọ̀ pé adùn ewé àbámodá kan náà kì í dúró bákan náà láti àárọ̀ dé alẹ́? Benjamin Heyne, onímọ̀ ewéko tó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, ló ṣàkíyèsí èyí. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1815. Ó tọ́ ewé náà wò ní kùtùkùtù, ó kan bí ìṣápá. Ó tọ́ ọ wò ní ọ̀sán, kò ní adùn kankan mọ́. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń korò díẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ewé náà ni mo fẹ́ kó yé ọ, torí òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí a ó sọ lórí omi. Ewé ní ihò wẹ́wẹ́ tó fi ń mí, ojú lásán kò lè rí wọn. Ọ̀pọ̀ ewéko, títí kan àgbàdo àti iṣu, ojúmọmọ ni wọ́n ń ṣí ihò yẹn láti fa afẹ́fẹ́ carbon dioxide wọlé, oòrùn á sì máa gba ibẹ̀ fa omi ara wọn jáde. Àbámodá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojúmọmọ ló ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí atẹ́gùn tutù, ó á ṣí i, á fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ wọlé, á sọ ọ́ di ásíìdì, á sì kó o pamọ́ sínú ewé títí di òwúrọ̀. Ásíìdì yẹn ni Heyne tọ́ wò tó kan. Bí oòrùn bá yọ, ewé á ti ihò rẹ̀ pa, á wá máa fi ìmọ́lẹ̀ sọ ásíìdì náà di oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi tán. Èrè rẹ̀ pọ̀. Fún gíráàmù carbon dioxide kan ṣoṣo tí ewéko tó ń mí lọ́sàn-án bá rí gbà, ó lè pàdánù omi tó tó gíráàmù 400 sí 500. Èyí tó ń mí lóru lè máà pàdánù ju 50 sí 100 lọ.

Orúkọ tí gbogbo àgbáyé ń pe ọ̀nà mímí yìí, CAM, ìdílé àbámodá àti ọ̀dúndún ni wọ́n ti mú un. Crassulaceae ni ìdílé náà ń jẹ́. Ọ̀já-ìkookò náà ń mí lóru. Ọ̀pẹ̀-òyìnbó tí à ń jẹ náà ń mí lóru.

Gbúre ńkọ́? Ṣé o mọ̀ pé gbúre tó wà nínú ìṣaasùn rẹ mọ ọ̀nà méjèèjì? Nígbà tí omi bá pọ̀, ojúmọmọ ló ń mí bí àwọn ewéko yòókù. Bí ilẹ̀ bá gbẹ tí òjò kò rọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó á yí padà, á bẹ̀rẹ̀ sí kó ásíìdì pamọ́ lóru bí àbámodá. Bu omi sí i, á tún padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn olùwádìí ní yunifásítì ìlú Düsseldorf, ní Jámánì, tẹ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní 2016. Gbúre gan-an ni wọ́n lò, kì í ṣe ewé mìíràn. Pápásán tó ń rá pálá lórí ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tún lé e bá, ó sì kọjá rẹ̀. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó ń so ọ̀nà mímí àwọn ewéko bí àgbàdo pọ̀ mọ́ ti àwọn tó ń mí lóru, nínú ewé kan náà. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ ewé tó ń fi omi pamọ́ lójú fèrèsé ilé ìdáná, tí o ò sì fẹ́ kó jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán, gé igi gbúre bí ìka ọwọ́, gún un mọ́lẹ̀ nínú ike, kó o sì máa já ewé rẹ̀ sí ọbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀dúndún àti àbámodá mọ́, ó sì ń dùn mí, torí kò sí ohun tó rọrùn tó o. Wo òdòdó wọn. Ti àbámodá ń dorí kodò, ó sì wú bí agogo. Ti ọ̀dúndún ń dojú kọ òkè, ó kéré, ó sì pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí kó ní àwọ̀ ìyeyè. Àbámodá ń bímọ ní etí ewé. Ọ̀dúndún kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, igi rẹ̀ ni à ń gé gbìn. Ọ̀dúndún, Kalanchoe crenata, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni ní tirẹ̀. Òun ni àwọn àgbà ń pè ní ọba ewé, tí wọ́n ń lò pẹ̀lú rinrin àti tẹ̀tẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń tọrọ ìtura fún ọba, fún ìlú tàbí fún ilé. Ewé rẹ̀ tí wọ́n bá yan lórí iná ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń wo ikọ́ àti etí dídùn.

Rinrin náà ní omi lára, igi rẹ̀ mọ́ gaara débi pé o fẹ́rẹ̀ẹ́ rí inú rẹ̀. Peperomia ni wọ́n ń pe ìran rẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ẹ̀yà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà lórí káńtà àwọn tó ń ta ewé ìkòkò ní ìlú òyìnbó. Ṣùgbọ́n má fi ìtọ́jú àbámodá tọ́jú rinrin o. Ẹ̀gbẹ́ ògiri tó tutù àti abẹ́ ìbòòji ni tirẹ̀. Bí ilẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ pátápátá, ó kú nìyẹn.

Àwọn kan wà tí ẹ̀rù ń bà láti gbin àbámodá tàbí pèrègún síwájú ilé, kí ará àdúgbò má baà fojú oníṣègùn wò wọ́n. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù náà kì í ṣe àfẹnusọ. Síbẹ̀, onígbàgbọ́, mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ló jọ ń jẹ ewúro, ewúro kan náà sì wà nínú àgbo. Ewé tí Ọlọ́run dá sí ilẹ̀ wa kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun ìtìjú tó wà níbẹ̀ kò ju pé ká lọ fi owó ra ọmọ ìyá rẹ̀ nínú ìkòkò tí wọ́n kó ti òkèèrè dé.

Ṣé o mọ̀ pé ọrọ́ tí à ń fi ṣọgbà kì í ṣe ìran cactus, bí wọ́n tilẹ̀ jọra tó bẹ́ẹ̀? Ìran Euphorbia ni ọrọ́. Fi ọ̀bẹ kàn án, oje funfun á tú jáde. Ọ̀pọ̀ jù lọ cactus ni kò ní oje funfun bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìran cactus ti ṣẹ̀, ẹyọ kan péré ló hù fúnra rẹ̀ ní Áfíríkà: Rhipsalis baccifera, tó ń rọ̀ dirodiro lára igi láìní ẹ̀gún. Ọ̀dá ló sọ ọrọ́ àti cactus di jíjọra. Àwọn méjèèjì sọ ewé nù, wọ́n sọ igi di àgbá omi, wọ́n sì fi ẹ̀gún ṣọ́ ọ, láìjẹ́ pé ọ̀kan rí èkejì rí. Orúkọ Euphorbia pàápàá, Áfíríkà ni ìtàn rẹ̀ ti wá. Ọba Juba kejì, tó jọba ní Mauretania, níbi tí Àlùjéríà àti Mòrókò wà lónìí, ló fi orúkọ oníṣègùn rẹ̀, Euphorbus, sọ ewéko olóje kan ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn.

Oje yẹn kì í ṣe ohun eré. Bí ó bá ta sí ojú, ó lè fọ́ ojú fún ìgbà díẹ̀ tàbí kó ṣe é léṣe gidi. Ẹni tó bá fẹ́ gé ọrọ́ gbìn sínú ìkòkò, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó sì fi nǹkan bo ojú. Bí ó bá ta sí ojú, omi tó mọ́, tó pọ̀, ní kíákíá, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí inú ilé wàyí. Ṣé o mọ̀ pé omi ló ń pa àwọn ewé wọ̀nyí ju òùngbẹ lọ? Gbòǹgbò náà ń mí. Bí ilẹ̀ inú ìkòkò bá kún fún omi lójoojúmọ́, afẹ́fẹ́ á tán nínú rẹ̀, gbòǹgbò á jẹrà, kò sì ní lè fa omi sókè mọ́. Ewé á wá rọ. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, á tún bu omi sí i, ọ̀rọ̀ á sì bẹ́yìn yọ. Mọ ìyàtọ̀ yìí: ewé tí òùngbẹ ń gbẹ máa ń fẹ́lẹ́, ó máa ń hunjọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í rà. Èyí tí omi ti pọ̀ jù fún máa ń rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ láti ìdí wá, àwọ̀ rẹ̀ á di ìyeyè tàbí kó máa mọ́ bí ọ̀rá, òórùn jíjẹrà á sì wà nínú ilẹ̀ rẹ̀. Bí o bá tètè rí i, gé ibi tó ṣì le, jẹ́ kó gbẹ, kó o sì tún un gbìn. Ìyá lè kú kí ọmọ yè.

Kí ìkòkò ní ihò nídìí. Bí kò bá ní, má gbìn sínú rẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó. Bí ike ló wà lọ́wọ́ rẹ, ike bọ́tà tàbí ike ọ̀dà tí o ti fọ̀ mọ́, fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i. Ìkòkò amọ̀ ló dára jù lójú mi, torí ara rẹ̀ ń mu omi, ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́. A kò sì ní láti wá a lọ jìnnà. Àwọn obìnrin amọ̀kòkò Dàda ní Òkèlele, ní Ìlọrin, ṣì ń mọ ọ́, iṣẹ́ tí ìyá kọ́ ọmọ ni. Sọ fún wọn pé kí wọ́n dá ihò sí ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó sun ún, nítorí ìkòkò tó ti jiná lè là bí o bá fẹ́ lu ú.

Ilẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀dú nìkan kò dára, ó ń di omi mú jù. Mú ilẹ̀dú apá kan, mú ṣáàpùsáńdì tí àwọn bírísìlà ń lò apá kan, kó o sì fi èédú tí o fọ́ wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i. Yanrìn kíkúnná kò ṣe é lò, ó ń dì. Ìgbẹ́ adìẹ tútù kò dára fún wọn rárá, ó ń jó gbòǹgbò. Bí o bá gé ẹ̀ka tàbí já ewé láti gbìn, má gbìn ín lọ́jọ́ náà. Fi sí abẹ́ ìbòòji fún ọjọ́ díẹ̀ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ fi gbẹ, kí ìdíbàjẹ́ má baà gba ibẹ̀ wọlé.

Má bomi rin ín torí pé ọjọ́ pé. Ti ìka rẹ bọ inú ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bí ó bá tutù níbẹ̀, fi í sílẹ̀. Bí ó bá gbẹ, bu omi sí i dáadáa títí tí omi á fi jáde nídìí, kó o sì da èyí tó kóra jọ sínú àwo abẹ́ rẹ̀ nù. Ní àkókò òjò, tí afẹ́fẹ́ ilé pàápàá tutù, ọ̀já-ìkookò lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìfẹ́ omi.

Ìmọ́lẹ̀ ni èkejì. Fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló dára jù fún ọ̀dúndún, àbámodá àti etí-erin, ìyẹn Aloe, torí oòrùn àárọ̀ kì í jó ni bíi ti ìyálẹ̀ta. Bí o bá rí i pé ewéko náà ń ga tẹ́ẹ́rẹ́, tí àlàfo láàárín ewé kan sí èkejì ń gùn, tó sì ń fì sí ọ̀nà kan, ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Máa yí ìkòkò náà díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó ti pẹ́ nínú ilé, má ṣàdédé gbé e síta sínú oòrùn ọ̀sán: ewé rẹ̀ á jó, àpá rẹ̀ kò sì ní lọ mọ́. Fún igun tó ṣókùnkùn díẹ̀, ọ̀já-ìkookò ni kó o lò, tàbí Zamioculcas, ewé dídán tó kún ọ́fíìsì Èkó báyìí. Ìlà-oòrùn Áfíríkà ni ìyẹn ti wá, nǹkan bí 1996 sì ni àwọn ará Netherlands bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ di ọjà kárí ayé.

Ọyẹ́ ní ìyọnu tirẹ̀. Eruku tó ń ti Sàhárà wá máa ń bo ojú ewé, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní wọlé dáadáa. Fi aṣọ rírọ̀ tí o rẹ sómi nù ún jẹ́jẹ́, lókè àti nísàlẹ̀ ewé. Ìgbà yẹn náà ni kó o wo àárín ewé fínnífínní. Bí o bá rí nǹkan funfun kúlúkúlú tó lẹ̀ mọ́ ọn, kòkòrò ni, omi ara ewé ló ń mu. Fi òwú tó ní sípíríìtì nù ún kúrò, kó o sì gbé ìkòkò náà jìnnà sí àwọn yòókù títí tí kò fi ní sí mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ìpolówó tí wọ́n fi ń ta ọ̀já-ìkookò, pé ó ń fọ afẹ́fẹ́ yàrá mọ́, kò rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́? Ìwádìí tí B. C. Wolverton ṣe fún NASA ní 1989 ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Òótọ́ ni pé ewéko náà dín àwọn kẹ́míkà kan kù, ṣùgbọ́n inú àpótí kékeré tí wọ́n dé pa ni wọ́n ti dán an wò. Yàrá wa ní fèrèsé, ó ní ilẹ̀kùn. Ní 2019, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Cummings àti Waring, kó àwọn ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún jọ, wọ́n sì ṣírò pé kí ewéko tó lè ṣe iṣẹ́ tí atẹ́gùn ilé ń ṣe lásán, ó máa tó ìkòkò 10 sí 1,000 lórí mítà onígun mẹ́rin kan ṣoṣo nínú ilẹ̀ yàrá. Ṣí fèrèsé rẹ. Gbin ọ̀já-ìkookò torí ó lẹ́wà, torí ó ní sùúrù, torí ọmọ ilẹ̀ wa ni.

Ohun ìyanu kan tún wà lára ọ̀já-ìkookò tí etí ewé rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Bí o bá gé ewé rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ gbìn, àwọn ọmọ tí yóò yọ kò ní ní àwọ̀ ìyeyè yẹn mọ́, ilà eérú nìkan ni wọn á ní. Ìdí ni pé oríṣi ara méjì ló wà nínú ìyá, inú lọ́hùn-ún ni ọmọ sì ti ń yọ. Bí o bá fẹ́ ọmọ tó jọ ìyá, láti ìdí ni kó o ti pín in pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀. Bí o bá sì ń gbin ewé gígé, rántí ibi tó jẹ́ ìsàlẹ̀: bí o bá dorí rẹ̀ kodò, kò ní ta gbòǹgbò.

Jọ̀wọ́, fi àwọn ewé wọ̀nyí sí ibi tí ọwọ́ ọmọ tó ń rá kò ní tó, kí ewúrẹ́ náà má sì rí i. Àbámodá ní èròjà tó ń da iṣẹ́ ọkàn rú, òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ sì ti pa ọ̀pọ̀ màlúù ní Australia, níbi tí wọ́n ti di èpò. Pé à ń fi ewé ṣe oògùn kò sọ pé gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ ló dára.

Ṣé o mọ̀ pé òfin wà lórí gbígbé àwọn kan nínú wọn kọjá ẹnubodè? CITES ni wọ́n ń pe àdéhùn àgbáyé náà, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ní 1974. Ó kan ọ̀pọ̀ cactus, àwọn Euphorbia tó ń fi omi pamọ́, àti gbogbo ìran Aloe yàtọ̀ sí Aloe vera tí gbogbo ayé ń gbìn. Kò sí àsọdùn nínú òfin yìí. Láti 2019, àwọn agbófinró ní South Africa ti gba ewéko kéékèèké tó lé ní mílíọ̀nù kan lọ́wọ́ àwọn tó ń jí wọn wú nínú aṣálẹ̀ tà sí òkèèrè. Àwọn kan nínú wọn kò sí níbòmíràn láyé.

Bí o bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń gbin ọ̀dúndún tàbí ọ̀já-ìkookò sójú fèrèsé, sọ fún un pé ní oṣù Kejìlá, nígbà tí ojúmọmọ ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ lọ, kó dín omi rẹ̀ kù gan-an, kó má sì jẹ́ kí ooru ibi tó gbé e sí lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó ṣe ń ṣe é lápá ibí kọ́ ni yóò ṣe é níbẹ̀.

Ìwọ tó wà ní Àràndún, tàbí ní ìlú yòówù ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, má lọ ra fúláwà kankan lóṣù yìí. Bẹ ìyá àgbà kan nínú ilé yín kó fi ọ̀dúndún hàn ọ́, kó sì fi àbámodá hàn ọ́. Gé ẹ̀ka ọ̀kan, já ewé èkejì, jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, wá ike, lu ihò sí i, kó o sì gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀. Bí ó bá bímọ, fún ará ilé kejì lọ́kan.